Ọkọ̀ Tó Ń Fi Ikùn Wọ́lẹ̀

Kí n tó yọ lójú ọ̀nà ni àwọn aládùúgbò wa ti máa ń mọ̀ pé mo ti dé. Orí òkè ni ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ wà, àpáta kan sì yọ gọngọ sáàárín ọ̀nà nígbà tó bá ku díẹ̀ kéèyàn débẹ̀. Bí ọkọ̀ mi bá ti gun orí àpáta yẹn, á fi ikùn ha á gbàràràrà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Sípíríǹgì iwájú rẹ̀ ti rẹ̀ pátápátá, imú rẹ̀ sì wólẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ tí nǹkan kán lábẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Kọ́tìnnì ni mo ń rán, orí ni mo sì fi ń ru aṣọ gòkè.

A fara da ìyẹn. Àfi ìgbà tí dókítà sọ pé ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún, á kúrò ní ọsibítù lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń bọ̀.

"Ta ló máa pọn Ìyá gòkè?" ni mo bi ọkọ mi.

"Ọkọ̀ ló máa gbé wọn."

Káfíńtà ni ọkọ mi, kò sí ìṣòro tí igi ò lè yanjú lójú tirẹ̀. Ló bá gé igi líle kan ní róbótó méjì, ó fá wọn dán, a gbé wọn lọ bá mẹkáníìkì wa pé kó kì wọ́n sábẹ́ sípíríǹgì. Máfòyà ni gbogbo èèyàn ń pe mẹkáníìkì yìí. Ó yí igi náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọ̀gá káfíńtà, iṣẹ́ yín dáa. Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ fi ṣe ìdérí ìkòkò. Tí igi yìí bá là lórí eré, ọ̀run lẹ ti máa já ìyá yín sílẹ̀."

Ọkọ mi kó igi rẹ̀. A ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta sípíríǹgì tuntun, iye tó pè é ló lé wa jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ tì wá.

Máfòyà họ orí. "Irú ọkọ̀ yín yìí, wọ́n ṣe èyí tó ń lo epo dísù. Ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wúwo ju tiyín lọ, torí náà sípíríǹgì iwájú ẹ̀ nípọn, ó le. Tí a bá rí i nínú àwókù, tí a sì fi sí tiyín tó fúyẹ́, imú ẹ̀ á dìde. Àmọ́ irú ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti fa ọkọ mi lọ́wọ́.

Ní ọgbà àwókù, ọkọ̀ gun orí ọkọ̀ bí àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n tò jọ. Ọlọ́gbà jókòó sórí àga ọkọ̀ tí kò ní ọkọ̀ mọ́, ó ní òun fúnra òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ká máa wá a. Ọkọ mi gba ọ̀tún, mo gba òsì. Mo ti ń rò pé ọwọ́ òfo la máa gbé délé nígbà tí mo rí imú kan tó ń yọjú lábẹ́ bọ́ọ̀sì tó ti jẹrà. Èmi kọ́ ni mo máa ṣi imú ọkọ̀ bàbá mi mọ̀. Mo rápálá wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì náà, mo ṣí ojú epo ọkọ̀ náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn dísù ni.

"Olówó orí mi, sáré máa bọ̀."

Ó sáré débi pé bàtà rẹ̀ kan ò tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ ọgbà bá wa tú sípíríǹgì méjèèjì. Mo fi ìborí mi nù wọ́n, mo sì wò wọ́n yí ká. Ìpẹtà wà lára wọn, àmọ́ wọn ò sán. Ọkọ mi gbá wọn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

A sanwó, a gbé wọn padà lọ bá mẹkáníìkì. Máfòyà ló ń jẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù sípíríǹgì ń bà á bí ẹni tó di ejò lọ́rùn mú. Ó fi irin ìfúnpọ̀ dè é, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa. Tí eléyìí bá ta yọ, kò mọ àna."

Nígbà tó ti ki méjèèjì bọ àyè wọn, tó dè wọ́n tán, tó sì ti yẹ okùn bíréèkì wò pé kò fà jù, ó sọ jáàkì kalẹ̀. Imú ọkọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo yọ téèpù tí mo fi ń wọn kọ́tìnnì, mo wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí bọ́dì lókè. Ó ti fi ìka mẹ́rin ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n. Máfòyà náà gbà á, ó wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ọwọ́ àwa méjèèjì ò mọ́. A wá ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ó ní ká má tíì yọ̀, ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ẹsẹ̀ táyà tò, torí ó lè máa fà sósì. Ibẹ̀ la wà tí ọsibítù fi pè wá pé Ìyá ti wọṣọ, wọ́n ti ń dúró. Bí a ò ṣe ráyè dán an wò lórí àpáta nìyẹn.

A lọ gbé Ìyá, èmi ni mo ń wa ọkọ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ àpáta, ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó da àyà délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti wo abẹ́ ọkọ̀. Ìyá na ẹsẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn, wọ́n yọ ojú.

"Kí ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àpáta fún? Ṣé àna ẹ̀ ni?"

"Máa bọ̀," ni ọkọ mi ń wí. "Máa bọ̀. Díẹ̀ sí i."

Táyà gùn ún. Mo wo Ìyá nínú dígí, wọ́n ti gbé ìdí kúrò lórí àga díẹ̀, bí ẹni pé ìdí tiwọn ló fẹ́ ha ilẹ̀. Táyà iwájú sọ̀ lódìkejì, tẹ̀yìn tẹ̀ lé e, a dé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọkọ mi dìde, eruku kún àyà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ṣé a ti kọjá ẹ̀ ni?" ni Ìyá bi mí.

"A ti kọjá ẹ̀, Ìyá."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ gbọ́ mọ́."

Wọ́n yíjú wẹ̀yìn wo àpáta náà. "Ìyàwó mi, ṣé epo ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Padà sẹ́yìn. Tún un gùn, kí n gbọ́ bó ṣe dákẹ́."