Kòkòrò Inú Kẹ́ẹ̀gì

Ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́ ìwádìí kan da àgbàdo tó ti bu sórí tábìlì rẹ̀ lójú gbogbo ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó ní ayédèrú oògùn ló gbé fún òun nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀rọ̀ náà wọ oníṣẹ́ ìwádìí náà lákínyẹmí ara. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń tọ́jú àwọn kòkòrò àìfojúrí inú kẹ́ẹ̀gì yẹn bí ọmọ tuntun, torí àwọn ló máa ń gbèjà àgbàdo kó má baà bu.

"Ṣé ẹ rẹ irúgbìn sínú ẹ̀ bí mo ṣe wí?"

"Mo rẹ ẹ́. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ se oògùn náà."

"Ẹ sè é kẹ̀?"

"Ìwọ lo sọ pé kòkòrò wà nínú ẹ̀. Mo sè é títí gbogbo wọn fi kú."

Oníṣẹ́ ìwádìí náà kó àgbàdo náà padà sínú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tẹ́ ẹ sè pa yẹn ni mo rán wá ṣọ́ àgbàdo yín."