Ìwé Ìwọṣẹ́ Ọ̀gá Wa

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta péré ni ìjọba fi ṣọ́ odindi igbó. Olú iléeṣẹ́ ní bí a bá dín ní mẹ́ta, àwọn á ti ibùdó wa pa. Nígbà tí ọ̀gá wa kú, èmi ni mò ń bá a fọwọ́ sí ìwé ìwọṣẹ́ láràárọ̀. Àbí kí n káwọ́ lẹ́rán kí àwọn agégi wọlé ni?

Lọ́dún kejì, ìrànwọ́ dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tuntun mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣọ́ inú igbó dé, wọ́n bi mí pé ta ni bàbá tó ń tiro níwájú àwọn. Ọ̀gá nìkan ló máa ń tiro nínú wa.

Mo ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà wò títí.

Ó ní, "Àbúrò, àràárọ̀ lo kọ ọ́ pé ọkọ mi wọṣẹ́. Ọjọ́ wo lo kọ ọ́ pé ó ṣíwọ́?"