Àgbo Ládàánì

"Bàbá, ìgò ọtí mélòó lẹ máa ń mu lóòjọ́?"

Ìbéèrè tí Dókítà Títílọlá bi Israfil nìyẹn ní ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú Kúbúrátù ìyàwó rẹ̀. Israfil, ládàánì tó ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti ogún ọdún! Ó ní òun ò tọ́ ọtí wò rí.

Ọ̀ràn ọrùn ló gbé wọn wá. Kókó ọ̀rá méjì ló wú sí i lẹ́yìn ọrùn, méjì mìíràn gun èjìká, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ń kí i kú oríire, wọ́n ní owó ti dé, títí ọrùn fi kọ̀ tí kò ṣeé yí mọ́. Dókítà ní àrùn náà ò wọ́pọ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ sì lè mú ọ̀rá náà kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọtí ló sábà máa ń mú, bí wọn ò bá sì jáwọ́, yóò tún hù.

"A kì í mu ọtí nílé wa," Kúbúrátù dáhùn. "Àfi àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń mu láràárọ̀."

"Kí ni wọ́n fi ń rẹ àgbo náà, Mà?"

Kúbúrátù wo ọkọ rẹ̀. Israfil wo ilẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni alágbo máa ń gbé kalẹ̀, olómi àti ọlọ́tí, ọlọ́tí ló sì ti ń nawọ́ sí láti ọdún mọ́kànlá, nítorí olómi kì í tètè ṣiṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ọtí tí egbòogi bá ti wọ̀ ti di oògùn. Síbẹ̀, ó máa ń run pákò dáadáa kó tó lọ pe ìrun.

Wọ́n wọ mọ́tò padà sí Ọ̀yọ́. Bí wọ́n ṣe délé ni Kúbúrátù ní, "Ẹ lọ sọ fún Lèmọ́mù fúnra yín, kí n tó sọ."

Ẹ̀rù ba Israfil gidigidi. Bí wọ́n bá gba ìrun pípè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tí wọn yóò máa pè é?

Síbẹ̀, ó lọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Lèmọ́mù. Bí Lèmọ́mù ṣe gbọ́ ọ tán, tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ́wọ́ ta lo ti ń rà á?"

"Ìyá Raliat ni, Ààfáà. Ẹ̀yin lẹ júwe wọn fún mi."

Lèmọ́mù dìde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tú láwàní orí rẹ̀, ó sì tẹ orí ba.

"Bá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi wò. Ṣé wọ́n dọ́gba?"

Israfil fọwọ́ kan ọ̀tún, ó kan òsì. "Wọ́n dọ́gba, Ààfáà."

Lèmọ́mù rọra wé láwàní rẹ̀ padà. Ó ní àkókò ìrun Alásárì ti tó, kí Israfil lọ pè é. Tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn méjèèjì ni yóò jọ wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.