Owú Ẹsẹ̀

Aránṣọ kan wà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ. Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tó wà ní ọmọge, kókó kékeré kan yọ nínú eegun ojúgun rẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í pa ènìyàn, àmọ́ kì í jẹ́ kó fojú ba oorun. Àwọn oníṣẹ́ abẹ la ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n gbẹ́ eegun bí ẹni gbẹ́ odó. Orí ibùsùn ló wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi lọ sílé ọkọ tán. Eegun jinná lóòótọ́, àmọ́ kò jinná tààrà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, onídìrí, ni Ọlọ́run fún ní ẹsẹ̀ méjì tó dọ́gba. Bí wọ́n bá jọ jáde, onídìrí á ti dé títì, aránṣọ á ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àfi ìgbà tí irú kókó yìí kan náà yọ sí eegun itan onídìrí, tóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Aránṣọ sunkún, ẹkún òótọ́ ni. Àmọ́ ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Wọ́n wá jọ ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, wọ́n jọ ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n jọ ń bú àwọn tó ń sáré kọjá.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó kọjú sí onídìrí.

"Tó o bá lo ásípírínì, ṣé ìrora náà máa ń rọlẹ̀?"

"Bí ẹni bu omi paná ni, dókítà. Àmọ́ inú mi ti ń bó."

"Ó dáa. Abẹ́rẹ́ la máa fi ṣe é. A ó kùn ẹ́ lóorun, a ó máa wo inú ẹsẹ̀ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán, abẹ́rẹ́ á gba awọ ara wọnú eegun títí ẹnu ẹ̀ á fi kan kókó yẹn. A ó wá mú ẹnu abẹ́rẹ́ náà gbóná, kókó á jóná síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wàá fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ sílé."

Aránṣọ fò dìde. "Ẹ ò ní là á?"

"A ò ní là á, mà."

Owú ta aránṣọ láyà bí ata. Èyí tí wọ́n fi àáké ṣe lára òun, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lára ẹlòmíì!

Láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú, onídìrí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ ọsibítù, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ti rí i rí. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é."

Aránṣọ wo ògiri. "Tèmi kọ́ o. Àmọ́ èmi ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n sun eegun ènìyàn, kó sì já sí ire."

Lójú ẹsẹ̀, onídìrí sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá bàtà. Ìrora gbá itan rẹ̀ mú, ó di ògiri mú, ó sì na ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa rọra lọ, bá a ṣe máa ń ṣe."

Ohun tí aránṣọ ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tó wá dé tán, kò lè di ọwọ́ tí àbúrò rẹ̀ nà sí i mú.

"Padà sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣebí ẹ ní..."

"Irọ́ ni mo pa. Owú ló ń jẹ mí. Padà, kí n tó yí ohùn padà!"

Onídìrí la ẹnu sílẹ̀. "Owú ẹsẹ̀?"

"Owú ẹsẹ̀ ni! Ṣé ti ọkọ ni kí n jẹ? Èwo nínú àwa méjèèjì ló rí ọkọ fẹ́?"

Ẹ̀rín ni onídìrí ń rín tí wọ́n fi tì í wọ yàrá ìtọ́jú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, pílásítà tó wà ní itan rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ó ti sùn mọ́jú, ó tún hanrun. Aránṣọ dá dókítà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká aṣọ sókè kúrò lórí àpá ojúgun rẹ̀.

"Ẹ bá mi fi abẹ́rẹ́ yín kan èyí náà."

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ àpá náà látòkè délẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tá a máa sun, mà. Wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́."

"Pẹ̀lú gbogbo èyí? Kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí, mà."

Aránṣọ jẹ́ kí aṣọ wálẹ̀.

Onídìrí ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ o!"

"Máa fò lọ, àgbọ̀nrín! Ṣé dókítà ní kó o máa sáré ni?"

Onídìrí dúró, ó gbójú sókè, ó ń retí. Aránṣọ di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú rárá. Jẹ́ kó dúró.