Òògùn Aràn fún Ọmọ Ẹṣin Màláàmù

Kò sí ọmọ ní Enugu Road, ní ilẹ̀ Hausa níbí, tí kò mọ adùn òògùn aràn Susanna. Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti fẹ́ parí, àwọn ìyá á kó ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Susanna á fi ṣíbí rọ ọ́ sí àwọn ọmọ lẹ́nu, wọ́n á tún máa lá ṣíbí. Ta ló fẹ́ sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kò mọ̀ nípa aràn? Èmi kọ́ o.

Nígbà tí Màláàmù Gàrbà, bàbá àgbà Hausa kan ní àdúgbò Hotoro, wá sọ fún un ní ọdún 1979 pé ikùn ọmọ ẹṣin òun ti wú bí ti aboyún, tó ń jẹun tí kò sanra, kíá ni Susanna ti sọ pé aràn ni. Aràn náà sì ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹṣin yìí ni ìyá rẹ̀ kú. Mílíìkì màlúù ni Màláàmù fi tọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ń sùn. Bàbá náà kò bímọ, kò sì ní ẹṣin mìíràn. Àánú rẹ̀ ṣe Susanna gan-an. Bó ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ó gba Hotoro lọ. Ó ní ẹṣin kì í ṣe ọmọdé, díẹ̀ kò lè ran án, ló bá rọ gbogbo òògùn tó gbé dání sí i lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màláàmù gbé màsà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì wọn, wá fún un. Aràn funfun gbọọrọ ti ń bọ́ sílẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ̀. Inú Susanna dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Màláàmù tún fi sáré dé: ọmọ ẹṣin ń na ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ikùn ara rẹ̀.

Susanna ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bẹ Dókítà Oyèwùmí tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Dókítà ẹranko ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti Ìbàdàn ni, kò tíì gbọ́ Hausa. Ó tẹ ikùn ẹṣin náà títí, ó bèèrè bí òògùn ṣe pọ̀ tó. Susanna sọ fún un. Dókítà mí kanlẹ̀.

“Mọ̀mọ́, aràn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òògùn yẹn pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wá dí ìfun rẹ̀ pa. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fún un. Kò sóhun tí mo lè ṣe mọ́, mà. Kò ní di alẹ́ tó máa fi kú. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá.”

Hausa tí Susanna ń sọ láti kékeré, tó fi ń ná ọjà, tó fi ń bú èèyàn, kò rí ẹyọ kan sọ nínú rẹ̀. Ó la ẹnu, ẹkún ló jáde.

Màláàmù, tí kò gbọ́ èdè tí Dókítà sọ, tó gbé orí ẹṣin lé itan, rò pé ó ti yé òun. Ó ní kó má sunkún, ó ní ó ní láti jẹ́ pé aràn ṣì kù nínú ni. Ó rọra fi ọwọ́ méjèèjì la ẹnu ọmọ ẹṣin náà, ó yí i sọ́dọ̀ Susanna.

“Máàmá,” ó ní, “ẹ tún fún un sí i. Òògùn tiyín ló gbà.”