Ọ̀rá Orí Àga

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà fi ojú àánú wo ọkùnrin yìí níwájú: Babáṣọlá ò níwà. Ẹni tó bá ní ó níwà, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ bó ṣe ń bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, àdúgbò kan tó yà kúrò ní Àgọ́ Palace ló ń gbé, ó sì ti ṣe ọ̀gá pẹ́ nílé iṣẹ́ adójútòfò débi pé ó rò pé àwọn tó kù kàn wà láyé láti máa ṣílẹ̀kùn fún òun ni.

Gàfárù ni mẹkáníìkì ọ̀hún, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé epo kan ní Ìsọlọ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Babáṣọlá lọ, ó ti lọ́mọ-ọmọ. "Ìwọ" ni Babáṣọlá ń pè é. "Ìwọ Gàfárù, wá wo nǹkan yìí!" Ẹ ò rí nǹkan? Ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó pásítọ̀ ló ń pe àgbàlagbà ní ìwọ, torí pé gírísì wà léèékánná onítọ̀hún. Bí Gàfárù bá sì na ọwọ́ láti kí i, ìgbọ̀nwọ́ ló máa ń gbé fún un.

Ọwọ́ tó ń kórìíra yìí náà ló sì ń gbé e ròde láti ọdún méje. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kú sábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, tí àwọn ọmọ agbèrò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ta ló wá jí i? Gàfárù ni. Nígbà tí wọ́n ní jíìpù tó rà lẹ́yìn ìyẹn ò ní í rìn mọ́ láìpààrọ̀ jíà, ta ló tú u, tó fọ̀ ọ́, tó sì dá a padà? Gàfárù náà ni. Babáṣọlá ò dúpẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ló wá ń bí mi nínú jù. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ kì í dúró síta gbọ́ ọkọ̀. Á jókòó ti awakọ̀, á ní kó pa rédíò, á ní kó máa lọ, á dijú, á sì máa fi etí àti ìdí wá ibi tó ń dun ọkọ̀. Bí Gàfárù ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni Babáṣọlá ti pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ òun láìkọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Gàfárù ò bá a jà. Ó ń ká ọ̀rá náà sí mẹ́rin, ó ń tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Tusidé kan, jíìpù wọ ọgbà, ó ń hó wùùù láti ìdí táyà. Babáṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ aláwọ̀ wàrà bo àwọn àga rẹ̀ ni.

"Bíárìnì táyà iwájú ni, sà," Gàfárù sọ kí ọkọ̀ tó dúró. "Àmọ́ mi ò lè sọ bóyá tọ̀tún ni tàbí tòsì. Bí mo bá fi jáàkì gbé e, kò ní í dún. Ó dìgbà tí ẹrù bá wà lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, ká wà á dé Ọ̀kọ́tà ká padà."

"Jókòó síbo? Sórí awọ yìí?"

"Mo mú ọ̀rá mi dání, sà."

"Ọ̀rá ò lè gba èyí. Máa sáré tẹ̀lé e, o ó gbọ́ ọ."

Ẹ má rò pé àwàdà ni. Babáṣọlá wa jíìpù yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá arúgbó sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó na etí sí táyà. Ojú ti gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ àfi ẹni tó yẹ kó tì.

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, sà," Gàfárù sọ, ó ń mí gúlegúle. "Ẹ má wà á lọ jìnnà o. Ó lè já lójú ọ̀nà."

Babáṣọlá pòṣé. Ajá tó máa sọnù kì í kúkú gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó gba garéèjì kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń fún oníbàárà lómi tútù, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Kọ̀ǹpútà ní kò síṣòro. Ó dáa, kọ̀ǹpútà ò ní etí, ibo ló ti máa gbọ́ bíárìnì?

Ìdí tó fi fẹ́ kí ọkọ̀ tètè yá nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé, Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wọn máa balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú; lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á kéde Bàbá Ìjọ tuntun. Babáṣọlá ni, tàbí Aaron tó ń ta àwo l'Óṣòdì. Babáṣọlá ti bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi ní kó lọ gbé Bíṣọ́ọ̀bù. Ó ti rán fìlà oyè. Kúnbi, ìyàwó rẹ̀, bá a níwájú dígí níbi tó ti ń dá kí ara rẹ̀: "Bàbá Ìjọ, ẹ káàárọ̀ o." Ọkùnrin yìí ò fẹ́ nǹkan míì láyé mọ́.

Òun àti Bíṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápákọ̀ dé Apakun lọ́jọ́ Sátidé náà ni wùùù di gbàràgbàrà. Táyà ń mì, èéfín ń yọ. Babáṣọlá yà sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ sì yíjú sí i. Ó pe garéèjì olómi tútù. Wọ́n ní àwọn kì í jáde ní Sátidé, kó wọ́ ọkọ̀ wá ní Mọ́ńdè.

"Ṣé ẹ ò ní mẹkáníìkì ni?" Bíṣọ́ọ̀bù béèrè láti ẹ̀yìn.

"A ní ọ̀kan, sà. Àwọn ẹ̀bá ọ̀nà yẹn náà ni."

"Ẹ̀bá ọ̀nà kọ́ la wà yìí? Ẹ pè é."

Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Gàfárù fi sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé jáàkì lé itan, bíárìnì méjì wà nínú àpò rẹ̀. "Láti Tusidé ni mo ti gbà wọ́n sílẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀," ó ní. "Tọ̀tún-tòsì ni mo kó wá, sà, torí mi ò mọ èyí tó jẹ́." Ó gbé ọwọ́ sún mọ́ táyà méjèèjì. "Tọ̀tún ni, òun ló gbóná."

Ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Babáṣọlá dúró lókèèrè, ó ń gbọn eruku bàtà. Bíṣọ́ọ̀bù ní tiẹ̀ ká apá aṣọ sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó ń bá Gàfárù di nọ́ọ̀tì mú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ló ń sọ. Ó ní "ẹ", ó ní "Bàbá"! Babáṣọlá gbọ́ ọ, ó wò ó pé bóyá àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni.

Láàárín wákàtí kan, iṣẹ́ parí.

"Ẹ wọlé síwájú, Bàbá, ká lọ gbọ́ ọ," Bíṣọ́ọ̀bù wí.

Gàfárù wo ojú Babáṣọlá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọ̀rá dúdú yọ, ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó rọra jókòó.

"Kí nìyẹn?" Bíṣọ́ọ̀bù béèrè.

"Ọ̀rá ni, sà, kí àga má baà dọ̀tí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ti pé ọdún méje."

Kò sọ ọ́ láti fi ba ẹnikẹ́ni jẹ́, ìyẹn ló sì burú jù. Babáṣọlá yára ṣáná sí ọkọ̀. Wọ́n gbéra, Gàfárù dijú. Nígbà tó yá, ó yíjú sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rá yìí ń pariwo, kò jẹ́ kí n gbọ́ ọkọ̀."

Bíṣọ́ọ̀bù ní kí Babáṣọlá dúró. Ó na ọwọ́ gba ọ̀rá náà, ó tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó lé e. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè kí Babáṣọlá lè rí i nínú dígí. Gírísì ni látòkè délẹ̀.

"Èmi náà lè ba àga yín jẹ́," ó ní. "Ẹ máa lọ."

Gàfárù fẹ̀yìn ti awọ aláwọ̀ wàrà, ó tún dijú. Kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti dákẹ́, sà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Babáṣọlá ń gbọ́. Ó rántí fìlà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mọ̀ pé orúkọ Aaron ni wọ́n máa pè lọ́la. Láti Apakun títí dé Àgọ́ Palace, gbogbo ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù bá mira lẹ́yìn, ọ̀rá náà á dún.