Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Ń Tẹ Ẹ̀rọ

...àbí kí n ṣe bí ẹni tó ti sùn nígbà tí wọ́n bá dé? Rárá. Ìyá Yẹ̀kínì kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan lọ láìyà sọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú èlùbọ́ lọ́wọ́. Wọn yóò jókòó, wọn yóò béèrè ẹsẹ̀, èmi náà yóò ní ó ti ń san. Irọ́ ni. Kò san.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi rèé níwájú mi. Ọwọ́ mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ojú mi ń rí ihò abẹ́rẹ́... ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí nìkan ni kò gbọ́ràn. Mo fi tòsì gbìyànjú lánàá, aṣọ oníṣọ́ọ̀ṣì wọ́ jọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó sú mi. Gbogbo rẹ̀ ló sú mi.

Àti Tẹjúmọ́lá, àbúrò mi, pẹ̀lú ohun tó sọ lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àpò Yẹ̀kínì lowó ìtọ́jú ẹsẹ̀ yín yóò ti jáde. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń san án. Torí irú èyí ni onímọ́tò ṣe ń ra ìnṣọ́ránsì. Ẹ gba nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ gba ìwé ọsibítù, ẹ gba ti ọlọ́pàá." Ti ọlọ́pàá, kẹ̀! Nígbà tí mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n pa ẹjọ́ náà tì, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká ṣì gbìyànjú. Jàǹbá náà ṣì wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

Kí ni ǹ bá ti ṣe? Yẹ̀kínì ló fi mọ́tò gbá ọ̀kadà tó gbé mi lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, òun ni wọ́n tì mọ́lé, ìyá rẹ̀ ló wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n ju ìyá tó bí mi lọ — wọ́n kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. "Àgbékẹ́, bá mi wo irun funfun yìí." Ta ni yóò jẹ́ kí irú wọn pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀? Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wo ẹnu mi, ẹbí ń wo ẹnu mi. Mo ní ó ti tán. Ọlọ́pàá gbé ìwé wá, mo fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn yìn mí, wọ́n ní mo ṣe bí ọmọlúàbí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí n óò máa fi tẹ ẹ̀rọ.

Tí mo bá wá béèrè nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì lónìí... wọn yóò ní mo ti yí ohùn padà. Wọn yóò rò pé mo tún fẹ́ ti ọmọ wọn mọ́lé. Ẹni tó ti dárí jini, ṣé ó tún ń —

Ìró bàtà nìyẹn. Àwọn ni.

Ọwọ́ mi ti ń wá ìró tí mo máa ń fi bo ẹsẹ̀ yìí, kó má bàa bà wọ́n nínú jẹ́. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń bò ó. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń béèrè ẹsẹ̀ tí wọn kò tíì fojú rí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní ọsibítù... èmi ni mò ń gbé e pamọ́. Èmi fúnra mi.

Ìbínú ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.

Mo fa ọwọ́ mi padà. Kí wọ́n wọlé bá ẹsẹ̀ náà báyìí, láìbò.